Ṣé Ó Tọ́ Kí A Tú Ẹlẹ́wọ̀n Sílẹ̀ Nítorí Àrùn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan wà tí ó dà bí egungun ẹja ní ọ̀nà ọ̀fun: kò ṣeé gbé mì, kò sì ṣeé pọ̀ jáde. Ìbéèrè ọ̀hún nìyí: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, ṣé ó tọ́ kí ìjọba ṣí ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n kí àwọn tó wà níbẹ̀ má baà kú síbẹ̀, àbí kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ nínú àhámọ́ kí àwa tí a wà níta lè fi ọkàn balẹ̀ sùn?

Kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa o. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní ọdún 2020, a sì fi ṣe àríyànjiyàn ní ibùdókọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ní ìdí ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn tí kò lówó láti ra ìwé ti máa ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àrùn náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì dáhùn ìbéèrè. Àrùn mìíràn sì lè dé lọ́jọ́ kan. A kò gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n bí ayé ti máa ń rí nìyẹn. Ó sàn kí a ro ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ara tù wá ju kí a máa sáré rò ó nígbà tí iná bá ti dé orí òrùlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí bí ọ̀rọ̀ ti rìn. Ìparí oṣù kejì ọdún 2020 ni àrùn Kòrónà kọ́kọ́ fojú hàn ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Wọ́n ní kí olúkúlùkù jìnnà síra, kí a máa fọwọ́, kí a máa bo imú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò jìnnà sí ta ni? Ẹ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí. Èèyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tí iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2019, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 3,000. Níbi tí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń sùn sí àyè ẹnìkan, tí wọ́n jọ ń mí sí ara wọn lójú, ṣé ibẹ̀ ni a ti ń jìnnà síra?

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé wọn yóò fi àánú tú ẹlẹ́wọ̀n 2,600 sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, ló gbé ìkéde náà jáde. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní Àbújá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 70 ni wọ́n tú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn wo ni wọ́n ní kí wọ́n tú? Àwọn arúgbó tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè, àwọn tí àìsàn burúkú ń bá fínra, àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́, àwọn tí kóòtù bù owó ìtanràn tí kò ju ₦50,000 lọ fún tí wọn kò rí i san, àti àwọn tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ wọn pé. Wọ́n yọ adigunjalè, ajínigbé, afipábánilòpọ̀, apànìyàn àti agbésùnmọ̀mí kúrò nínú ètò náà.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ìyá aláṣọ kan wà ní àdúgbò wa. Ní ọdún 2016, àwọn adigunjalè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n kó ọjà, wọ́n sì fi àdá ṣá ọkọ rẹ̀ lápá. Apá náà kò ṣe iṣẹ́ mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó rò sí ọ̀rọ̀ títú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Àbúrò mi, má bá mi sọ ọ̀rọ̀ àánú. Nígbà tí wọ́n ń ṣá bàbá àwọn ọmọ mi, ta ló ṣàánú wa? Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n rí mú nínú wọn. Lálaalẹ́ tí mo bá ti ilẹ̀kùn mi, ohun tó ń jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé òun náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, èmi gan-an ni wọ́n tì mọ́lé yẹn.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní àwọn kò ní tú adigunjalè.”

Ó ní, “Ta ló wá sọ fún mi? Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ló mọ̀. Èmi 2,600 ni mo gbọ́ lórí rédíò.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí sọ gbẹ̀yìn, mo máa padà sórí rẹ̀. Àwọn tó ń rò bíi tirẹ̀ kò ṣàìní ẹ̀rí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n tú ọkùnrin kan sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn yìí. Ọjọ́ kejì tó jáde ni wọ́n yìnbọn pa ẹnìkan, òun sì ni ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn lẹ́yìn náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ní àwọn lè tú tó 4,000 nínú àwọn tí ọjọ́ wọn kò kù ju oṣù méjì lọ. Wọ́n ṣèèṣì tú àwọn mẹ́fà tí àsìkò wọn kò tíì tó, wọ́n sì ní láti dá ètò náà dúró ná. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún 2020 parí, 262 péré ni wọ́n tú lábẹ́ ètò náà. Bí àwọn tó ní ìwé àti kọ̀ǹpútà bá lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí a retí níbi tí fáìlì ẹlòmíràn ti sọnù láti ọdún mẹ́ta? Ìbéèrè tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló tún sọ pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu apá kejì.

Ní òpópónà kan náà tí ìyá aláṣọ ń gbé, ilé kẹrin sí tirẹ̀, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2018, ó lọ wo bọ́ọ̀lù, àwọn ọlọ́pàá sì ya bo ibẹ̀, wọ́n kó tẹrú-tọmọ. Àwọn tí èèyàn wọn tètè dé pẹ̀lú owó kò sùn sí tẹ́ṣàn. Ẹ̀kọ ni ìyá ọmọ yìí ń tà. Kí ó tó rí owó yá, wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wíwò sì ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Adájọ́ gbà kí wọ́n gba bélì rẹ̀, ó ní kí onídùúró méjì wá, kí wọ́n jẹ́ onílé, kí wọ́n sì mú ìwé owó orí wá. Níbo ni ẹlẹ́kọ ti fẹ́ rí onílé méjì? Bí ọmọ ṣe wọ àhámọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ ẹjọ́, bí mọ́tò bá rí epo gbé wọn wá, ọlọ́pàá tó mú un kò ní yọjú. Bí ọlọ́pàá bá yọjú, adájọ́ ti lọ sí ìpàdé. Ọdún kan àti oṣù méjì ló lò níbẹ̀ kí kóòtù tó da ẹjọ́ náà nù pé kò sí ẹlẹ́rìí. Ó jáde pẹ̀lú ikọ́ àti ara tó ń yún un. Kòrónà kò tilẹ̀ tíì dé nígbà náà.

Ẹ wá wò ó. Ọkùnrin tó ṣá ọkọ ìyá aláṣọ àti ọmọ ẹlẹ́kọ, orúkọ kan náà ni a ń pe àwọn méjèèjì: ẹlẹ́wọ̀n. Láti inú orúkọ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá ní “kí wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀,” ìyá aláṣọ rí àdá, ẹlẹ́kọ rí ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́.

Ṣé ẹ mọ iye àwọn tó dà bí ọmọ ẹlẹ́kọ? Ní oṣù kẹrin ọdún 2020 yẹn kan náà, Ààrẹ kọ lẹ́tà sí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè wa pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti kún. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé èèyàn 74,127 ló wà ní àhámọ́ jákèjádò Nàìjíríà, àti pé 52,226 nínú wọn ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Bí a bá mú èèyàn mẹ́wàá níbẹ̀, méje ni adájọ́ kò tíì sọ fún pé wọ́n jẹ̀bi. Lẹ́tà náà tún bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó ti lo ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń retí ìdájọ́. Ọdún mẹ́fà! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ ti wọ ilé ìwé.

Nítorí náà, ní ti àwọn méje wọ̀nyí, mo rò pé àánú kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó jẹ̀bi là ń ṣàánú fún. Ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́, gbèsè ni a jẹ ẹ́. Bí mo bá yá owó lọ́wọ́ rẹ, tí mo wá san án padà nígbà tí àrùn dé, ṣé mo lè fọ́nnu pé mo ta ọ́ lọ́rẹ?

Ó wá ku àwọn mẹ́ta tó jẹ̀bi lóòótọ́. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le, n kò sì ní fẹ́ fò ó dá.

Bí adájọ́ bá sọ ẹnìkan sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ó ti wo ẹ̀ṣẹ̀ náà lórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé ọdún méjì ló tó o. Kò sọ pé ọdún méjì pẹ̀lú àrùn tó ń dí ni lọ́nà ọ̀fun. Bí àrùn bá pa ọkùnrin yẹn nínú yàrá tí èèyàn ọgọ́rùn-ún há mọ́, ìdájọ́ tó kú fún kò sí nínú ìwé òfin kankan. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣebí àrùn ń pa àwọn tó wà níta náà?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Èmi tí mo wà níta lè sá fún ẹni tó ń wúkọ́. Mo lè ti ilẹ̀kùn mi, mo lè sá lọ sí abúlé bàbá mi. Ẹ̀wọ̀n tí à ń pè ní ẹ̀wọ̀n yìí, irin tí a fi ń so nǹkan mọ́lẹ̀ ni gan-an. Ẹni tó bá so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi ti gba ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òun ni yóò já ewé fún un, òun ni yóò bu omi fún un. Bí igbó bá ń jó bọ̀, kò lè sọ pé, “Kí ló dé tí kò sá?” Ohun tí ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n ṣe, tirẹ̀ ni. Ohun tí okùn wa bá ṣe fún un, tiwa ni.

Mo mọ̀ pé ìyá aláṣọ yóò dá mi lóhùn pé, “Bí ó bá jẹ́ ajá tó ń géni jẹ ńkọ́? Bí o bá tú u, tó gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ṣé ọwọ́ tìrẹ mọ́?” Rárá, kò mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ajá tí a ti mọ̀ pé ó ń géni jẹ, a kì í tú u sí àárín ọmọdé. Ṣùgbọ́n a kì í fi í sílẹ̀ kí iná jó o mọ́ okùn náà. A máa ń gbé e kúrò níbi tí iná ń bọ̀, a sì tún un so síbòmíràn. Ẹni tó léwu, kí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rí àyè na ẹsẹ̀, kí ó rí omi àti ọṣẹ, kí dókítà yọjú sí i.

Níbo ni a ó ti rí àyè náà? Ìdáhùn mi nìyí, òun sì ni kókó gbogbo ohun tí mò ń sọ. A kò lè rí àyè fún ẹni tó léwu àfi tí a bá jẹ́ kí ẹni tí kò léwu máa lọ sílé. Àwọn kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìjà láàrin ààbò ìlú àti àánú ẹlẹ́wọ̀n, bí ẹni pé bí ọ̀kan bá jẹ, èkejì yóò gbààwẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títú ọmọ ẹlẹ́kọ sílẹ̀ ló ń fún wa lẹ́nu láti sọ pé kí adigunjalè dúró. Níwọ̀n ìgbà tí a bá kó àwọn méjèèjì sínú yàrá kan, a kò lè ṣọ́ èyí tó léwu dáadáa, a kò sì lè dá èyí tí kò léwu láre.

Bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé odi ọgbà ẹ̀wọ̀n ń dí àrùn lọ́nà. Wọ́dà ń wọlé láàárọ̀, ó ń padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́yà ń wọlé, alásè ń wọlé. Ní Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 120 láti ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní ìlú Chino lọ sí èyí tí wọ́n ń pè ní San Quentin, láìjẹ́ pé wọ́n tún wọn yẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó gbéra. Àrùn bá wọn wọlé. Ó mú ẹlẹ́wọ̀n tó ju 2,000 lọ, ó pa 28 nínú wọn, ó sì pa òṣìṣẹ́ kan kún un. Òṣìṣẹ́ yẹn kò jalè, kò pànìyàn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí a kò lè pè ní aláàánú náà rí èyí. Iran, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ṣeré, kéde ní oṣù kẹta ọdún 2020 pé àwọn ti jẹ́ kí bí 85,000 ẹlẹ́wọ̀n lọ sílé fún ìgbà díẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí a kì í fẹ́ gbọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó bá kún jù máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Ìbíní, èèyàn 1,993 sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu èyí tó wà ní Abólóńgo ní Ọ̀yọ́. Èèyàn 837 ló sá níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, gbogbo wọn pátá ló jẹ́ àwọn tí kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. N kò sọ pé torí pé ọgbà kún nìkan ni wọ́n ṣe fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro iye wọn pọ̀. Ìlú méjì péré, 2,830. Ó ju 2,600 tí ẹ̀rù ń bà wá pé kí ìjọba tú lọ. Àwọn 2,600 yẹn, orúkọ wọn wà nínú ìwé, a mọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, wọ́n ti yọ adigunjalè kúrò láàrin wọn. Àwọn tó gba ojú ògiri jáde, ta ló ṣà wọ́n? Ta ló mọ ibi tí wọ́n sùn? Bí a bá kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ìgbà tí wọ́n bá fi àáké ṣí i, kò ní béèrè lọ́wọ́ wa.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn gómìnà má máa wo ojú Ààrẹ. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ sí òfin ìjọba àpapọ̀ ni Ààrẹ lè dárí jì. Ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin ìpínlẹ̀, gómìnà rẹ̀ ló ni àṣẹ. Èkejì, kí a lo òfin tí a ní. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019 sọ pé bí ọgbà bá ti kún àkúnya, kí ọ̀gá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ fi tó àwọn adájọ́ àgbà àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn létí. Ó sì ní àṣẹ láti kọ̀ pé òun kò gba ẹlòmíràn mọ́. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n òfin kì í dìde rìn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ tí mo ní kí ẹ má gbàgbé: “Ta ló wá sọ fún mi?” Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìjọba tó kọ orúkọ ẹni tí yóò tú sílẹ̀ sínú ìwé kò kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ṣá lápá síbì kankan. Bí a bá fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ti ṣe níbi gbà pé ohun tí a ń ṣe tọ̀nà, kí ẹnìkan láti kóòtù tàbí tẹ́ṣàn kan ilẹ̀kùn wọn, kí ó sọ fún wọn pé, “Ẹni yẹn ṣì wà níbẹ̀,” tàbí pé, “Yóò jáde lọ́jọ́ báyìí, ibi báyìí ni yóò máa gbé, ẹni báyìí ni kí ẹ wá bá bí ó bá yọ yín lẹ́nu.” Ẹ̀rù tí kò rí àlàyé gbọ́ kì í kúrò lára. A kò lè máa sọ fún un pé kí ó ṣàánú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ka òun náà sí èèyàn nínú ẹjọ́ náà.

Ṣé bí a bá ṣe gbogbo èyí, ẹnìkan nínú àwọn tí a tú kò ní dá ọ̀ràn mọ́? N kò ní purọ́ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan dá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé pérépéré ṣe lè dá a. Bí a bá ní kí a má tú ẹnikẹ́ni títí tí ọkàn wa yóò fi balẹ̀ pátápátá, a jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún gbogbo wọn, àti ẹni tó jí adìyẹ àti ẹni tí kò jí nǹkan kan. Ewu yẹn wà, ó sì yẹ kí a pín in gbé, kí a má ṣe di gbogbo rẹ̀ lé orí ẹni tí kò lówó bélì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ní àdúgbò tiyín náà, ìyá aláṣọ kan wà, ẹlẹ́kọ kan sì wà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá tún délẹ̀, tí ẹnìkan bá ní “kí wọ́n tú wọn sílẹ̀” tàbí “kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹrà síbẹ̀,” ẹ kọ́kọ́ bi í pé: àwọn wo?